Fún pọ̀

Nítòsí ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ tí fọ́tò rẹ̀ wúwo jù á sọ fún oníkọ̀ǹpútà pé, “Ẹ bá mi dín in kù.” Fún pọ̀ ló yẹ kó wí.

Fún ni kí a tẹ nǹkan mọ́ra, bí a ti ń fún aṣọ. Pọ̀ ni sójú kan. Bí a bá fún fọ́tò pọ̀ sí JPEG, ìwọ̀n fáìlì rẹ̀ ní KB á lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ píksẹ́lì 4000 ní ìbú sí 3000 ní gíga, ìyẹn ò ní yí padà. Ohun tó bá sì sọnù níbẹ̀ kì í padà.

Dín kù yàtọ̀, iye píksẹ́lì ló ń dín kù: 4000 sí 3000 lè di 1000 sí 750. Gé ní tirẹ̀ ń yọ etí fọ́tò kúrò.

Àpẹẹrẹ: “Ẹ bá mi fún fọ́tò yìí pọ̀ kó má ju 100KB lọ, ẹ má gé e.”