Ipasẹ̀ Nínú Ọ̀rọ̀: Ìtàn Tí Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì Ń Sọ

Eré kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn púpọ̀: kí a dárúkọ lẹ́tà kan tàbí méjì, kí a sì máa wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré ìdárayá lásán ni. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ ìtàn ni. Lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ dà bí ipasẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò yóò mọ ẹni tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ irú eré yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Alfred Mosher Butts, ayàwòrán ilé kan ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929. Ó jókòó ti ìwé ìròyìn, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ yọ. Láti inú ìṣirò yìí ni ó ti ṣe eré tí a wá sọ ní Scrabble ní 1948. Nínú 100 ègé tí ó wà nínú àpò rẹ̀, E ní 12; Q ní ẹyọ kan ṣoṣo, máàkì 10 ni a sì ń fún ẹni tí ó bá lò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, borí gbogbo ayé nínú eré yìí. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí Q fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àlejò ni. Kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, C àti W ni àwọn akọ̀wé ibẹ̀ fi ń kọ ìró yìí: “cwen” ni wọ́n ń kọ fún “queen” ti òde òní. Àwọn akọ̀wé tí ó tẹ̀ lé àṣà Faransé ni wọ́n fi QU rọ́pò rẹ̀. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ wá Q tí kò ní U lẹ́yìn. Ẹ ó rí “qadi”, “faqir” àti “niqab”. Ọmọ èdè Lárúbáwá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Adájọ́ ni “qadi”. Nígbà tí àwọn Haúsá sì gba ọ̀rọ̀ kan náà, ó di alkali, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìlọrin.

Ẹ tún wo AL ní ìbẹ̀rẹ̀ “algebra”, “alcohol” àti “alcove”. Wúnrẹ̀n tí àwọn Lárúbáwá máa ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Wúnrẹ̀n yìí kan náà ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà, àlùbáríkà àti àlàáfíà tiwa. Ọ̀nà ni ó yàtọ̀, orísun kò yàtọ̀.

V ńkọ́? Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìró yìí; F ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ wọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú V ni ó ti ọ̀dọ̀ Faransé tàbí Látìnì wá: “voice”, “village”, “victory”, títí kan “very” pàápàá. Díẹ̀ péré ni ti ilé. Ọ̀kan ni “vixen”, abo kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Akọ rẹ̀ ń jẹ́ “fox” pẹ̀lú F, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pe F bíi V, ni a ti gba orúkọ abo. Ẹ̀ka-èdè kan fi ara pamọ́ sínú lẹ́tà kan ṣoṣo!

SK pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ìró yìí ti yí padà di SH lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn ajagun orí omi láti Denmark àti Norway tó wá tẹ̀dó sáàárín wọn ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Àwọn àlejò wọ̀nyí kò yí tiwọn padà. Ìdí nìyí tí “shirt” fi jẹ́ ti onílé, tí “skirt” sì jẹ́ ti àlejò, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ni ó bí wọn.

Ní ti K tí a kì í pè nínú “knee” àti GH inú “night”, wọ́n ń pe méjèèjì nígbà kan rí. Ìró náà kú, àkọsílẹ̀ kò kú. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwa náà ní irú rẹ̀: F méjì inú Offa, T méjì inú Ebute Metta, àti SH inú Oshogbo. Ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ ni wọ́n. Àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974 kò lé wọn kúrò lára pátákó ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé eré náà wá sílé. Ẹ wá ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá àjùmọ̀lò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U. Ẹ ó wá a tì. Ṣùgbọ́n ẹ dé Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, ilé di ulé, iṣẹ́ di uṣẹ́. Lẹ́tà kan ti tó láti mọ ibi tí olùsọ̀rọ̀ ti wá.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ ni àmì. Rárá o! Ẹ, Ọ àti Ṣ jẹ́ lẹ́tà tí ó dá dúró nínú 25 tí a ní. Bí a bá ní kí Gẹ̀ẹ́sì máa fi F kọ V, “vat” yóò di “fat”, “van” yóò di “fan”, ìtàn “vixen” yóò sì parẹ́. Ohun tí à ń ṣe sí èdè tiwa nìyẹn. Owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ àti ìlú Ọ̀wọ̀, gbogbo wọn di “owo”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ọ̀kan nínú ìwé wa lórí kọ̀ǹpútà yóò kó gbogbo wọn pọ̀ bí àkójọ igi ìdáná, kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Èdè tí a kò kọ dáadáa kò ṣeé wá, ohun tí kò ṣeé wá sì rọrùn láti sọnù. Àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fẹ́ ka ipasẹ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa gbá a nù.