Obìnrin Tó Ń Ka Kòkòrò ní Hammersmith

Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ pé ta ló ṣàwárí pẹnisílíìnì, gbogbo wọn ni yóò dárúkọ Alexander Fleming. Bí mo bá ní ta ni Mary Barber, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti wẹ egbò títí orí mi fi funfun, Barber ni mo kà sí ẹni wa, torí inú wọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà.

Ní oṣù kejì ọdún 1941, pẹnisílíìnì ṣọ̀wọ́n débi pé nígbà tí wọ́n fi tọ́jú ọlọ́pàá kan ní Oxford, Albert Alexander, wọ́n ń yọ oògùn náà padà nínú ìtọ̀ rẹ̀ láti tún fi gún un lábẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ ti ń yá kí oògùn tó tán. Oṣù kẹta ló kú. Nígbà tí ogun Hítílà fi parí, oògùn ti di yanturu.

Barber wà ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní London nígbà náà, ó ń yẹ kòkòrò ara àwọn aláìsàn wò. Stafilokọ́kọ́ọ̀sì ló gbájú mọ́, èyí tó ń fa oówo, tó sì ń sọ ojú iṣẹ́ abẹ di ọyún. Lọ́dún 1946, nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 14 ni pẹnisílíìnì kò rí pa. Lọ́dún 1947, ó di 38. Lọ́dún 1948, ó di 59.

Kí ló fà á? Àwọn kan nínú kòkòrò náà ní èròjà tó ń ba pẹnisílíìnì jẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì, Abraham àti Chain, ti kọ̀wé nípa irú èròjà bẹ́ẹ̀ láti 1940. Oògùn pa àwọn tí kò ní in, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ní in. Ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ló sì ń gbé wọn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn onímọ̀ wá oògùn mìíràn, mẹtisílíìnì, jáde lọ́dún 1959. Nígbà tó fi di 1961, onímọ̀ kòkòrò kan, Patricia Jevons, ti kéde láti Colindale ní London pé ó ti rí stafilokọ́kọ́ọ̀sì tí mẹtisílíìnì kò rí pa. Kilọsasílíìnì, àbúrò oògùn yẹn, wà nínú Ampiclox tí àwọn ọmọbìnrin wa ń gbé mì nítorí inú rírun nǹkan oṣù!

Ṣùgbọ́n Barber kò káwọ́ gbera. Nígbà tó padà sí Hammersmith lẹ́yìn ọdún díẹ̀ níbòmíràn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin de ìlò oògùn: ẹni tí kò nílò oògùn kò gbọdọ̀ gbà á, wọ́n dín ìlò pẹnisílíìnì kù gidigidi, bí oògùn bá pọn dandan, wọ́n á pa méjì pọ̀, wọn ò sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú bí àrùn ṣe ń ràn nínú wọ́ọ̀dù. Kòkòrò olóríkunkun bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1960. Ọdún 1965 ni jàǹbá ọkọ̀ pa Barber.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó kan aláìsàn tó kàn. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ yé ra kápsù méjì-méjì ní kẹ́mísì láìrí dókítà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Hammersmith kò kọjá agbára wa.