Ìgbà Kan Náà, Ìwé Ọ̀tọ̀: DiMaggio, Williams àti Josh Gibson

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ṣòro láti sọ: bí a bá fẹ́ fi akọni eléré ìdárayá kan wé èkejì rẹ̀, ṣé ó tó pé àwọn méjèèjì jọ ṣeré ní ìgbà kan náà? Àwọn tó fẹ́ràn irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ pé ó tó. Wọ́n ní a kò lè fi ẹni tó ṣeré ní 1910 wé ẹni tó ṣeré ní 1990, ṣùgbọ́n pé a lè fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wé ara wọn láìbẹ̀rù. Èrò tèmi ni pé kò tó. Bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàárín 1930 sí 1947 ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Eré náà ṣàjèjì sí wa ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, níbi tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba gbogbo pápá, ṣùgbọ́n ohun gbogbo nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi nọ́ńbà kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń fi àkọsílẹ̀ wé àkọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa eré náà. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì di igi mú láti gbá a. Bí ó bá gbá a, tó sì sáré dé ibùdó àkọ́kọ́ kí wọ́n tó lé e jáde, gbígbá yẹn yọrí nìyẹn. Iye gbígbá tó yọrí, tí a fi iye ìgbà tó gbìyànjú pín, ni mo ń pè ní ìdá ìgbá. Ẹni tó bá ní 0,300 ti kùnà ní ìgbà méje nínú mẹ́wàá, síbẹ̀ ògbóǹtagí ni. (Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé Faransé ni mo ṣe kọ nọ́ńbà náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í kọ òdo iwájú, dọ́ọ̀tì ni wọ́n sì ń lò.)

Joe DiMaggio àti Ted Williams ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fi wé ara wọn. Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, DiMaggio ní 1914, Williams ní 1918. DiMaggio, ọmọ apẹja tó ti Ítálì wá, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú New York Yankees ní 1936. Williams bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Boston Red Sox ní 1939. Líígì kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì wà. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ péré ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ méjì-méjì sì máa ń pàdé ara wọn ní ìgbà 22 lọ́dún. Nítorí náà, yàtọ̀ sí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn kan náà ló ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn, lórí pápá kan náà. Bí ìfiwéra kan bá máa rọrùn, èyí ló yẹ kó rọrùn.

Síbẹ̀ kò rọrùn. Ní 1941, DiMaggio ṣe eré 56 léraléra, láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 16 oṣù Keje, láìsí ọ̀kan tí kò ti gbá bọ́ọ̀lù yọrí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ nínú líígì ńlá títí di òní. Lọ́dún yẹn kan náà, Williams wọ ọjọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú 0,39955. Bí wọ́n bá sún un sókè, 0,400 ni, ó sì lè jókòó kí ó má ṣeré mọ́. Kò jókòó. Ó ṣe eré méjèèjì tó wà lọ́jọ́ náà ní Philadelphia, ó gbá mẹ́fà yọrí nínú mẹ́jọ, ó sì parí ọdún ní 0,406. Àwọn oníròyìn tó ń dìbò yan ẹni tó wúlò jù lọ nínú líígì fún DiMaggio ní àmì 291, wọ́n fún Williams ní 254. Ní 1947 ó tún ṣẹlẹ̀. Williams ló ṣíwájú nínú ìdá ìgbá, nínú gbígbá bọ́ọ̀lù fo ọgbà, àti nínú iye àmì tí gbígbá rẹ̀ mú wọlé; DiMaggio fi àmì ẹyọ kan ṣoṣo borí rẹ̀, 202 sí 201.

Bí ẹ bá bi mí, Williams ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ó parí ní 1960 pẹ̀lú 0,344, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fo ọgbà ní ìgbà 521. DiMaggio parí ní 1951 pẹ̀lú 0,325 àti 361. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn oníròyìn rí kì í ṣe ìrònú lásán. Yankees gba àṣekágbá ọdún ní ìgbà mẹ́sàn-án nígbà tí DiMaggio wà pẹ̀lú wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni Williams dé ibẹ̀, ní 1946, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù. Àwọn oníròyìn àti Williams kò sì fẹ́ràn ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kò fara sin. Àríyànjiyàn yìí lè máa lọ títí, kò burú. Àkọsílẹ̀ pé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Òṣùwọ̀n nìkan ni ẹnu kò kò lé lórí.

Ẹnì kẹta kò sí nínú ìwé yẹn rárá. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n bí Josh Gibson sí ní 1911, Pittsburgh ló sì dàgbà sí. Ní 1930 ló wọ ẹgbẹ́ Homestead Grays. Láti òpin ọ̀rúndún 19 ni àwọn olówó ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan, láìkọ ọ́ sínú òfin kankan, pé àwọn kò ní gba aláwọ̀ dúdú, nítorí náà líígì àwọn aláwọ̀ dúdú ni Gibson ti lo ìgbà ayé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí “ìgbà kan náà” túmọ̀ sí níbí. Ní Washington, pápá Griffith Stadium ni Grays ti máa ń gbàlejò láàárín àwọn ọdún 1940. Pápá yẹn gan-an ni DiMaggio àti Williams ń lọ lọ́dọọdún láti bá ẹgbẹ́ Senators ṣeré. Ilẹ̀ kan náà, ọgbà kan náà, àárín ọdún kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀tọ̀, ìwé ọ̀tọ̀.

Wọ́n máa ń pe Gibson ní “Babe Ruth dúdú”, wọ́n sì ń pe Buck Leonard, ẹnìkejì rẹ̀ nínú Grays, ní “Lou Gehrig dúdú”. Ó yẹ kí àwa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè tẹ́tí sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé ọmọ jọ bàbá. A kì í sọ pé bàbá jọ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tí a dárúkọ gbẹ̀yìn ni òṣùwọ̀n, ẹni ìṣáájú ni a ń wọ̀n. Wọ́n ní àwọn kan tó wo eré àwọn méjèèjì a máa yí i padà, wọn a pe Ruth ní “Josh Gibson funfun”. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ìdí tó sì fi pani lẹ́rìn-ín ni pé gbogbo ayé ti mọ ibi tí òṣùwọ̀n wà.

Ọ̀nà méjì ni a gbà ní iṣẹ́ Gibson lọ́wọ́. Èkíní ni ohun tí àwọn ènìyàn rántí. Nígbà tí wọ́n gbà á wọ ilé ìrántí àwọn akọni ní Cooperstown ní 1972, wọ́n kọ ọ́ sára irin pé ó gbá bọ́ọ̀lù fo ọgbà ní ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800, nínú eré líígì àti èyí tí kì í ṣe ti líígì. Ti Ruth jẹ́ 714. Èkejì ni ohun tí àwọn olùwádìí rí kó jọ láti inú ìwé ìròyìn bíi Pittsburgh Courier àti Chicago Defender. Nínú ìyẹn, gbígbá fo ọgbà tó ṣeé fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn kò tó 200, eré líígì rẹ̀ kò sì tó 700. Ṣùgbọ́n ìdá ìgbá rẹ̀ jẹ́ 0,372. Ní oṣù Karùn-ún 2024, líígì ńlá fi àkọsílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 2,300 kún ti ara rẹ̀, Gibson sì gorí Ty Cobb (0,367), tó ti wà lókè láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa.

Kí ni ká ṣe pẹ̀lú 800 àti 0,372? Ní Kétu, iṣẹ́ Baba Ẹlẹ́gùn ni láti mọ ìtàn ìlú lórí kí ó sì kà á jáde nígbà tí Alákétu tuntun bá ń jọba. Òpìtàn tó bá sọ pé irọ́ ni nítorí pé kò sí nínú ìwé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá sì mú gbogbo iye ọdún inú rẹ̀ bí ẹni mú kàlẹ́ńdà kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ka 800 sí: ẹ̀rí gidi ni nípa bí Gibson ṣe rí lójú àwọn tó wò ó, kì í ṣe ìṣirò tí a lè gbé ka iwájú 714. Ti 0,372 gba ìṣọ́ra mìíràn. Cobb ṣeré ní ìgbà tó ju 3,000 lọ, Williams ní 2,292. Ìdá tó wá láti inú eré díẹ̀ máa ń yí gan-an, bí iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan farahàn nínú àkójọ kékeré ṣe máa ń ṣini lọ́nà. Nítorí náà n kò gbà pé a ti mọ̀ dájú báyìí pé Gibson ló ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pariwo pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kéré máa ń gbàgbé ìdajì kejì. Àkójọ ti Ruth àti Cobb náà kò pé: nínú gbogbo eré líígì wọn, kò sí aláwọ̀ dúdú kan tó ju bọ́ọ̀lù sí wọn. DiMaggio pàdé Satchel Paige nínú eré ìfihàn kan ní California ní 1936, kí ó tó wọ Yankees, ó sì máa ń sọ lẹ́yìn náà pé Paige ló dára jù nínú gbogbo àwọn tó ju bọ́ọ̀lù sí òun. Nínú líígì rẹ̀, kò pàdé irú rẹ̀ títí di 1948. Williams náà mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbà á wọ Cooperstown ní 1966, ó dárúkọ Paige àti Gibson, ó ní òun ń retí ọjọ́ tí wọn yóò wọlé.

Bí mo ṣe to ọdún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú tábìlì kan fún àpilẹ̀kọ yìí, mo rí i pé àwọn àlàfo rẹ̀ kò bára mu. Ní 1941, ọdún 56 àti 0,406, Mẹ́síkò ni Gibson wà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Veracruz, líígì ńlá kò sì ka ìyẹn. Ìlà rẹ̀ ṣófo. Ní 1943 ó gbá 0,466, tí wọ́n ti kà báyìí sí ìdá tó ga jù lọ nínú ọdún kan, ṣùgbọ́n ìlà DiMaggio àti ti Williams ló ṣófo, nítorí ogun ti mú wọn lọ. Àwọn méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1946. Gibson kú ní Pittsburgh ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní 1947, lẹ́ni ọdún 35. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún náà ni Jackie Robinson jáde sórí pápá pẹ̀lú aṣọ Brooklyn Dodgers.