Àwọn Ọkọ̀ Àtijọ́ Orí Òkè Cumbres
Ní 1880 ni ilé iṣẹ́ Denver and Rio Grande ti Amẹ́ríkà ń la ojú irin tóóró, tí ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, gba òkè Cumbres kọjá, kí ọkọ̀ a-mí-èéfín-bí-ìjì lè rọra yí ẹ̀gbẹ́ òkè dé ibi tí wọ́n ti ń wa fàdákà. Nígbà tí òwò dẹnu kọlẹ̀, ìjọba Colorado àti ti New Mexico ra máìlì 64 lára ojú irin náà ní 1970. Ṣùgbọ́n igi kò lè bá yìnyín jà bí irin, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù onípákó sì ń jẹrà. Láti 1988 ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ ojú irin náà ti dìde, tí wọ́n ń péjọ sí ìlú Chama àti Antonito nígbà ooru, láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n ń fi pákó tuntun dípò èyí tó ti rà, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà àtijọ́ padà sí ara àwọn ọkọ̀ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni wọ́n ń ṣe.