Blenheim Duxford: Ọkọ̀ Òfuurufú Tó Kọ̀ Tí Kò Parẹ́

Ọdún 12 gbáko ni àwọn kan fi tún ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù Blenheim ṣe ní Duxford, pápákọ̀ òfuurufú ogun àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀pọ̀ wọn yọ̀ǹda ara wọn ni. Owó oṣù kò sí níbẹ̀. Blenheim jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó lè fò kò sí láyé mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1987, tiwọn gbéra. Kò pé oṣù kan tó fi já lulẹ̀ níbi àfihàn kan ní Denham. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ yè é, àmọ́ ọkọ̀ fọ́ kọjá àtúnṣe.

Ta ni ìbá dá wọn lẹ́bi bí wọ́n bá ká irinṣẹ́ nílẹ̀? Graham Warner, tó ṣáájú wọn, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá egungun ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n kàn ní Kánádà. Òun náà fò lọ́dún 1993. Ní 2003, ó tún fara gbá nígbà tó ń balẹ̀ ní Duxford.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Imú tí wọ́n fi sí i lọ́tẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀: lẹ́yìn ogun, ọkùnrin kan ní Bristol ti sọ ọ́ di mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná, tó sì ń wà á kiri ìgboro. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, imú mọ́tò yẹn padà sójú ọ̀run.