Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti Àrùn Ilẹ̀ Wa

Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, chloroquine ni wọ́n fi ń wo ibà. Oògùn náà korò, ó sì máa ń yún èèyàn lára bí ẹni tí wèrèpè bà, ṣùgbọ́n ibà á lọ. Nígbà tó yá, ara ń yún wọn, ibà kò sì lọ mọ́. Ní ọdún 2005, ìjọba Nàìjíríà fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ló dé tí oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́? Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi.

Ọmọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni. Ó wá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó lọ ṣe ìwádìí ní Harvard, ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ohun abẹ̀mí tó ń sọ bí yóò ṣe rí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì kòkòrò ibà wò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa tí ibà ń ṣe. Jíìnì kan wà tí wọ́n ń pè ní pfcrt. Bí ibi pàtàkì kan bá yí padà nínú rẹ̀, kòkòrò náà yóò máa ti chloroquine síta kí oògùn náà tó pa á.

Lẹ́yìn èyí ló kọjú sí ibà Lassa, àrùn tí eku ń kó ran èèyàn. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Pardis Sabeti ti Amẹ́ríkà bá àwọn dókítà Irrua, ní ìpínlẹ̀ Edo, ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń fi irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Kí èsì tó dé, aláìsàn lè ti kú, ó sì lè ti kó o ran nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Happi fẹ́ kí àyẹ̀wò máa wáyé níbi tí àrùn wà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi dá ibùdó ìwádìí ACEGID sílẹ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọdún 2014 la rí ìwúlò irú iṣẹ́ yìí. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, arìnrìn-àjò kan láti Làìbéríà gúnlẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àìsàn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, yàrá ìwádìí LUTH àti ti Happi fi ẹ̀rí hàn pé Ebola ni. Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó súnmọ́ ọn kàn. Èèyàn 20 ló ní àrùn náà, 8 kú, Dókítà Adadevoh sì wà lára wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone, ó lé ní 11,000 èèyàn tí Ebola pa kí ó tó kásẹ̀ ńlẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Àkọsílẹ̀ jíìnì fáírọ́ọ̀sì yìí gùn tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà. Ẹgbẹ́ Happi kà á ní Ẹdẹ, wọ́n sì fi síta fún gbogbo ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní kíláàsì wa, àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe sáyẹ́ǹsì gidi, àfi kó japa. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Àjò kò burú, Happi náà lọ sí Harvard. Ṣùgbọ́n ó padà wá síbi tí àrùn wà, bẹ́ẹ̀ ibí kì í ṣe ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Bí ibà bá ṣe àbúrò mi lónìí, oògùn tuntun ni ìyá mi ń fún un, ara rẹ̀ a sì yá. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti ti chloroquine síta lè kọ́ bí yóò ṣe ti ìyẹn náà síta. Ó yẹ kí àwọn kan wà nílé tí yóò máa ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ wà lára wọn.