Ìdá áljẹ́brà tó dọ́gba

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, ìdá áljẹ́brà ni ìdá tí lẹ́tà tó dúró fún nọ́mbà wà ní òkè rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí ní méjèèjì, bíi 3/x tàbí (x + 1)/(x − 2). Irú ìdá méjì bẹ́ẹ̀ dọ́gba bí iye wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo nọ́mbà tí a fi rọ́pò lẹ́tà náà, níwọ̀n ìgbà tí ìsàlẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn kò bá ti di òdo.

Òfin tó wà nídìí ìyípadà náà kò ju ọ̀kan lọ. Bí a bá fi ohun kan náà, tí kì í ṣe òdo, sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di púpọ̀, tàbí tí a fi pín àwọn méjèèjì, iye ìdá náà kò yí padà. Báyìí ni 3/x ṣe dọ́gba pẹ̀lú 6/(2x). Àròpọ̀ kò ní irú agbára yìí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa pa x rẹ́ nínú (x + 2)/x, wọn a ní 2 ló kù. Ṣùgbọ́n bí x bá jẹ́ 4, 6/4 ni ìdá náà, kì í ṣe 2.

Nítorí náà, kí a tó gé ìdá kúrú, a ní láti kọ òkè àti ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èsì ìsọdipúpọ̀. Nínú (x² − 9)/(x² − 3x), òkè jẹ́ (x − 3)(x + 3), ìsàlẹ̀ sì jẹ́ x(x − 3). Bí a bá fi x − 3 pín méjèèjì, (x + 3)/x ni yóò kù. Ìdọ́gba yìí ní ààlà tí a kì í sábà tẹnu mọ́ tó: bí x bá jẹ́ 3, ìdá kejì jẹ́ 2, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ di òdo lórí òdo, èyí tí kò ní ìtumọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ x ≠ 3 mọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá ní kí a wá x tí yóò sọ ìdá àkọ́kọ́ di 2, ẹni tó gbàgbé ààlà náà yóò dáhùn pé 3 ni, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́mbà kankan tó lè ṣe é.

Nígbà mìíràn, ìrísí tó gùn ló wúlò jù. Ní ọdún 1672, Christiaan Huygens ní kí Gottfried Leibniz wá àròpọ̀ 1 + 1/3 + 1/6 + 1/10 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ láìlópin. Ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2/(n(n + 1)), èyí tó dọ́gba pẹ̀lú 2/n − 2/(n + 1). Ohun tí a yọ kúrò nínú ọ̀kan ni èyí tó tẹ̀ lé e fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pa ara wọn rẹ́ títí, tó fi jẹ́ pé 2 ni àròpọ̀ náà.